Ibi Tí Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Méjì Ti Pàdé

Tí mo bá sọ fún ènìyàn pé mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, orí mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò bóyá ewú wà níbẹ̀. Kò sí. Mi ò tíì pé ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù sí mi lágbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fọkanáísà ní Iweka Road, níbí ní Onitsha, kò sì sí irú táyà tí ọwọ́ mi kò tíì kàn, látorí ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé ti tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá tètè dé ọjà, kò burú tó bá tètè kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ sún mọ́bí kí n sọ tèmi fún yín. Ìwé mi kò pọ̀. Bíbélì ni màámi fi kọ́ mi ní Yorùbá kíkà, nítorí tí mo bá ti jáde sí ìta, Ìgbò àti píjìn ló kù. Tí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ bá mi tún un ṣe lẹ́nu yín kí ẹ máa kà á lọ.

Irun ni màámi ń ṣe, nítòsí Relief Market. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì girama, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ bá ọmọ ìlú wọn kan, ará Ìkìrun, tó ti ń lẹ táyà ní Onitsha kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀gá Àlàó ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Àtíbàbà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀gá wo ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu.

Màámi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ẹ má ṣàánú rẹ̀ tó bá kan ẹgba."

Ọ̀gá ní, "Èmi kì í na ọmọ, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ wá kan ìgbà tí yóò máa wù ú pé kí n kúkú nà án."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Láyé ìgbà yẹn, iná la fi ń lẹ tíúbù. A ó fi ẹ̀já rọ́bà tútù sójú ibi tó jò, a ó fi irin dè é mọ́lẹ̀, a ó gbé písítìnì ògbólógbòó inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò lé e lórí. Inú písítìnì yẹn dà bí ife. A ó da epo pẹtiróòlù sínú rẹ̀, a ó ṣáná sí i. Bí iná bá ti ń jó, rọ́bà yóò máa jinná, yóò sì máa di tíúbù mú. Èmi rò pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá ti lè ṣáná lè lẹ tíúbù.

Ọ̀gá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tíúbù oníbàárà fún ìgbà pípẹ́. Tíúbù tó ti kú ni wọ́n kó jọ síwájú mi, wọ́n ní kí n gé e wẹ́wẹ́. Èyí àkọ́kọ́, kí n lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú epo tí kò ju ẹ̀kán omi lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e, kí n fi díẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí epo yóò fi kún písítìnì dé ẹnu. Lẹ́yìn náà, kí n so wọ́n kọ́ irin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n so garawa mọ́ wọn nídìí, kí n máa bu omi sí garawa títí tí ibi tí mo lẹ̀ yóò fi ṣí. Kí n wá fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì sára pákó: epo báyìí, omi báyìí.

Mo ṣe é tí ọwọ́ mi fi bó. Mo sì rí i pé bí epo ṣe ń pọ̀ sí i ni omi tí rọ́bà lè gbé ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó yí padà. Bí mo ṣe ń fi epo kún un ni rọ́bà ń le gan-an, tó ń sán, tí garawa kì í tíì kún tí yóò fi já bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá bi mí pé, "Ibo ló ti yí?"

Mo nawọ́ sí àmì tó ga jù.

"Ṣé ọmọ tó bá ga jù nínú ilé ni wọ́n ń pè ní àkọ́bí?"

Mo tún wo pákó náà.

"Èyí tó ga yẹn, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n lọ́jọ́ náà, tàbí kó jẹ́ pé tíúbù yẹn ló nípọn. Àmì kan kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Wo àwọn tó wà lápá òsì, báwo ni wọ́n ṣe ń rìn? Wo àwọn tó wà lápá ọ̀tún, báwo ni tiwọn? Ibi tí ìrìn wọn ti yàtọ̀ síra ni kí o bá mi wá."

Wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì yọ. Wọ́n tẹ́ ọ̀kan lé àwọn àmì tó ń gòkè, wọ́n tẹ́ èkejì lé àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń sún ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé síwá sẹ́yìn títí ó fi dé ibi tí àmì tó bọ́ síta kò fi pọ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Ibí ni. Tí o bá fẹ́ mọ ibi tí nǹkan ti yí, ó di dandan kí o kọjá rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọjá rẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, orí òkú tíúbù ni kí o ti kọjá rẹ̀, kì í ṣe orí ti oníbàárà." Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí atẹ́gùn ń gba iná lọ, wọ́n ní ibẹ̀ ti sún, kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n lẹ ti oníbàárà, tí mo bá ṣe é tán, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á kàn tún un fà ya lójú oníbàárà, wọ́n á sì jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí mo sunkún. Mama Nkechi, ìyá Ìgbò tó ń ta ọ̀kpá, oúnjẹ inú ewé yẹn, ní òdìkejì wa, ní, "Oga, this pikin go die for your hand."

Ọ̀gá kò gbójú sókè. "Mama Nkechi, abeg give am okpa. Make he no die hungry."

Ọ̀gá ló san án. Ọ̀gá ló tún bá mi bó ewé rẹ̀, nítorí ọwọ́ mi ti jóná.

Mo gba òmìnira, mi ò sì lọ. Ẹ má bi mí ní iye tí mò ń gbà, owó fọkanáísà ń jẹun, kì í kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Páǹpù ọlọ́wọ́ tó máa ń mú kí èjìká wa máa ro wá títí ilẹ̀ fi mọ́ di ohun ìrántí, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń pariwo bí ẹ́ńjìnnì ìlọta dé. Písítìnì onína lọ, gọ́ọ̀mù tútù dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni táyà tí kò ní tíúbù dé, tó jẹ́ pé kí a kàn ki okùn rọ́bà bọ ojú ihò rẹ̀ ni. Ọ̀gá ò bínú sí ọ̀kankan nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí kò yí padà lọ́wọ́ wọn ni etí. Tí wọ́n bá ń fún afẹ́fẹ́ sínú táyà tírélà, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á máa gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Waya tínrín pọ̀ nínú ògiri táyà tírélà. Tí awakọ̀ bá ti fi táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn, àwọn waya yẹn á ti kán nínú lọ́hùn-ún, tí ojú kò sì ní rí i. Tí o bá wá ń fún un ní afẹ́fẹ́, àwọn tó kù á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìró rẹ̀ kò ju ti gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò tí a dé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò pa ẹ̀rọ, yóò sì tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, kò ní pẹ́ gbọ́ ńlá.

Èmi ni mo gbọ́ ńlá.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú. Táyà tírélà tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Èmi ni mo di ọ̀pá afẹ́fẹ́ mú, Ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ ń ké láàárín wa. Ọ̀gá gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn pariwo pé, "Délé, sá." Mo rí ẹnu wọn tó ń mì. Mo yí orí padà láti béèrè pé kí ni wọ́n wí, ìgbà yẹn ni táyà bẹ́. Yíyí tí mo yí orí ni kò jẹ́ kí irin ríìmù gba ojú mi. Ó gba etí òsì kọjá. Nígbà tí mo lajú, orí ẹsẹ̀ Ọ̀gá ni orí mi wà, ẹ̀jẹ̀ mi sì wà lára aṣọ wọn. Ẹnu wọn ṣì ń mì, mi ò sì gbọ́ ohun kan.

Etí òsì lọ pátápátá. Ti ọ̀tún padà, ṣùgbọ́n kò padà tán. Mò ń fi gbọ́ ọ̀rọ̀, mò ń fi gbọ́ hóònù. Ìró wẹ́wẹ́ ni kò wọ inú rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá dán an wò: wọ́n dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ń ṣẹ́ ìgbálẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan kan. Wọ́n wá síwájú mi, wọ́n fi ìgbálẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ hàn mí.

Nísinsìnyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, nítorí ibi tó ń dùn mí nìyí.

Ọdún tí táyà yẹn bẹ́ ni Ọ̀gá fẹ́ padà sí Ìkìrun. Ìyàwó wọn, tí mò ń pè ní Màmá, ti lọ ṣíwájú. Wọ́n ti kan òrùlé, wọ́n ti gbin ọsàn sẹ́yìn ilé. Àwọn méjèèjì ti ná ìgbà èwe wọn tán ní ìlú onílùú, wọ́n fẹ́ jọ jókòó sójú kan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn táyà yẹn, Ọ̀gá kò dárúkọ Ìkìrun mọ́. Wọ́n kàn ń jí wá síbi iṣẹ́. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọn ò lè yọ ríìmù mọ́. Nítorí náà, èmi ni ọwọ́, àwọn ni etí. Tí tírélà bá dé, èmi á ṣe gbogbo rẹ̀, Ọ̀gá á dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí léjìká, mo ti mọ̀ pé kí n pa á. Èmi àti àwọn la di fọkanáísà kan ṣoṣo.

Màmá máa ń pè lórí fóònù. Ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ṣé ọkọ mi ti fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Onitsha ni?"

Ọ̀gá dáhùn, "Mo ti fẹ́ ẹ. Délé lorúkọ rẹ̀. Ó ní irùngbọ̀n, kò sì mọ ọbẹ̀ẹ́ sè."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọdún ń gorí ọdún, mò ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì bi ara mi pé ta ló ń san owó ẹ̀rín náà.

Ọjọ́ tí mo tó bi ara mi ni ọjọ́ tí Màmá pè, tí Ọ̀gá wà nídìí àlùwàlá, tí mo bá wọn gbé fóònù. Màmá ní, "Délé, má sọ fún un pé mo sọ fún ọ. Ojú mi ń ṣú. Dókítà ní ohun tó ti lọ kò ní padà, ìyókù náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mi ò bẹ̀rù òkùnkùn. Ó kàn wù mí kí n tún rí ojú rẹ̀ kó tó ṣú tán. Tó bá pẹ́ jù, ohùn rẹ̀ nìkan ni màá fi máa dá a mọ̀."

Mo sọ fún Ọ̀gá. Mi ò lè fi pamọ́. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ó ti sọ fún mi tipẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ti tírélà sílẹ̀, Ọ̀gá. Màá máa ṣe ti kẹ̀kẹ́ àti ti bọ́ọ̀sì."

"Gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì yìí ló ń ṣe ti kẹ̀kẹ́, Délé. Tírélà ni oúnjẹ rẹ. Ṣé kí n lọ jókòó sábẹ́ ọsàn, kí wọ́n wá pè mí pé táyà ti gbé ọ lọ?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí yóò rọ́pò etí wọn.

Ohun tó là mí lójú kì í ṣe ọgbọ́n. Táyà ẹ̀yìn tírélà jẹ́ ìbejì, ọ̀kan kò gbọdọ̀ tóbi ju èkejì lọ, nítorí náà, okùn la fi ń wọn wọ́n. Ọjọ́ kan mo gbàgbé okùn sára ọ̀kan, mo gba inú ihò ríìmù fi yí ikùn táyà ká, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní afẹ́fẹ́. Mo wá rí i pé okùn ń le. Ó yé mi nígbà náà pé bí táyà bá ń wú, okùn mọ̀. Táyà tí ara rẹ̀ le yóò máa wú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tí waya rẹ̀ ń já, yóò dé ibì kan tí wíwú rẹ̀ yóò yàtọ̀, nítorí ohun tó ń dè é mọ́lẹ̀ ti ń tú. Ohun tí Ọ̀gá ń fi etí gbọ́, bóyá ojú lè rí i.

Mo ní kí àwọn tó ń jó irin ní Nkpor bá mi ṣe àgò onírin tí táyà yóò wà nínú rẹ̀. Mo na okùn láti ara táyà lọ sára pákó tó jìnnà, mo so nọ́ọ̀tì kan mọ́ ìdí rẹ̀. Bí táyà bá wú, nọ́ọ̀tì á gòkè. Mo jókòó sẹ́yìn àpò iyanrìn. Mo fún afẹ́fẹ́ díẹ̀, mo wo géèjì tó ń ka afẹ́fẹ́, mo wo nọ́ọ̀tì, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Díẹ̀ sí i, àmì. Mama Nkechi bọ́ síta wò mí. "Dele, na tyre you dey pump abi na native doctor work?"

Táyà àkọ́kọ́ tí mo dán wò, àmì rẹ̀ yí lójijì. Inú mi dùn. Mo ní waya rẹ̀ ti já. A là á, inú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí waya kan tó ṣẹ́. A ti pa táyà tí kò ṣàìsàn. Ọ̀gá mú okùn náà, wọ́n fà á. Okùn náà gùn lọ́wọ́ wọn.

"Okùn rẹ ló ń yí, kì í ṣe táyà," ni wọ́n wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín dé inú. "O wá olè títí, o mú ọlọ́pàá."

Bí Ọ̀gá ṣe bá mi dá sí i nìyẹn. A ju okùn nù, a mú waya kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà, tí kì í fà. A fi gíríìsì pa pákó kí nọ́ọ̀tì má baà há. A lọ kó òkú táyà jọ káàkiri Iweka Road. A ń fún wọn ní afẹ́fẹ́, Ọ̀gá ń fetí sílẹ̀, èmi ń sàmì. Ti táyà tó le, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bo gbogbo àmì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ti èyí tó ń ṣàìsàn, ìgbálẹ̀ kan kò bò ó. Méjì ló gbà, ọ̀kan rọra ń gòkè, èkejì ga sókè lójijì, ibi tí wọ́n ti pàdé sì ni ìgbà tí waya bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Lórí òkú táyà, mo lè kọjá ibẹ̀, kí n sàmì púpọ̀ sí i kó lè dá mi lójú. Lórí tírélà oníbàárà, tí mo bá dúró de ẹlẹ́rìí púpọ̀, èmi àti ẹlẹ́rìí la ó jọ bẹ́. Tí mo bá sì gba ti ẹlẹ́rìí kan, màá máa pa táyà ènìyàn lásán. Èmi àti Ọ̀gá jiyàn lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọ̀gá ló rí i níkẹyìn. Wọ́n ní, "Tí àmì kan bá ti kúrò lára ìgbálẹ̀, má lọ síwájú. Padà. Tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n, kò ní tún gbọ̀n síbì kan náà. Tó bá jẹ́ táyà ni, ibẹ̀ náà ni yóò tún ti yà."

Ọjọ́ ìdánwò dé. Tírélà kan dúró, táyà rẹ̀ ti rọ̀. Ọ̀gá ní, "Tìrẹ ni." Wọ́n lọ jókòó sídìí táyà, sẹ́yìn àgò, níbi tí wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí pákó mi kí wọ́n má baà rí àmì. Wọ́n ní tí wọ́n bá gbọ́ nǹkan, àwọn á na ọwọ́ sókè.

Mo bẹ̀rẹ̀. Àmì ń tò lé ara wọn lábẹ́ ìgbálẹ̀. Mò ń wo géèjì, mò ń wo ọwọ́ Ọ̀gá lórí orúnkún wọn. Nígbà tó yá, àmì kan kúrò. Mo pa á, mo tú u, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló tún ti kúrò. Mo wo ọwọ́ Ọ̀gá. Kò mì.

Mo pa ẹ̀rọ. Mo sọ fún awakọ̀ pé táyà náà kò dára mọ́.

Awakọ̀ ní, "Oga, how? Your papa here no talk anything."

Ọ̀gá dìde. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Délé. Fi díẹ̀ sí i."

Láti kékeré, mi ò tíì sọ fún wọn pé rárá rí. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn níbẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò ní fi sí i."

Ọ̀gá ní kí awakọ̀ jẹ́ kí a là á, tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, àwọn á rọ́pò rẹ̀. A là á. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì yára fà á yọ. Waya tó ti kán ti gún un níka. Wọ́n yọ síta nínú ògiri táyà náà lọ bẹẹrẹ, wọ́n ti dípẹtà.

Ọ̀gá fi ọwọ́ pa wọ́n lọ, pa wọ́n bọ̀. Wọ́n jókòó sórí ríìmù. Ohùn wọn wálẹ̀, mo ní láti sún mọ́ wọn.

"Mi ò gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Délé, ọjọ́ wo ni etí mi yí?"

Kò sí ẹni tó ń sàmì sí i. Mo ronú kan gbogbo táyà tí ọwọ́ wọn kò kàn mí léjìká lé lórí, tí a sì rò pé nítorí pé ó le ni. Wọ́n ti fi ìyàwó sílẹ̀ nítorí kí wọ́n lè yá mi ní etí, etí náà sì ti lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo dá yín dúró."

Wọ́n ní, "Ta ló so mí mọ́lẹ̀? Ó wù mí ni." Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ tó ti dúdú. "Ṣùgbọ́n ní báyìí, mo ti ń lọ sílé."

Mama Nkechi di ọ̀kpá fún wọn sínú ọ̀rá, ó sì tẹ̀lé wa dé páàkì. Ó fi Ìgbò pè wọ́n ní bàbá wa, ó ní, "Nna anyị, greet your wife for us." Ó sunkún ju èmi lọ.

Èmi nìkan ni mo wá ń dá a ṣe, èmi àti pákó mi, fún ọdún mélòó kan. Kò sí táyà tó bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ ń jẹ ìyókù etí ọ̀tún, dókítà sì ní kí n yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ àti etí. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ kí n máa gbọ́ ohùn ọmọ wa. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn. Táyà ni mò ń tà báyìí, ní Nkpor, níbi tí ariwo kò pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ yìí dára, mi ò sì kábàámọ̀ pé mo kọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń lo ìrànlọ́wọ́ ẹnì kan, ó máa ń dára fún yín, ó sì máa ń dára fún òun náà, títí dé ibì kan. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ̀yin ń jẹ, òun ń gbẹ. Ẹ má dúró títí ẹlòmíràn yóò fi fi ibẹ̀ hàn yín. Ẹ máa sàmì.

Mo lọ sí Ìkìrun lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá wà lábẹ́ ọsàn, wọ́n sanra. Ojú Màmá ti ṣú tán. Wọ́n fọwọ́ wá ojú mi, wọ́n fọwọ́ pa àpá ẹ̀gbẹ́ etí mi, wọ́n ní, "Ìyàwó ọkọ mi, ṣé ìwọ nìyí? Irùngbọ̀n rẹ gún mi lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò jọ láti Onitsha ni mo fẹ́ sọ, ti àwọn ọdún tí mo gbà lọ́wọ́ wọn. Mi ò sọ ọ́ dé ìdajì.

Màmá ní, "Nígbà tí ọkọ mi dé, ojú mi ṣì ń ríran díẹ̀. Mo jókòó tì í ní ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ti darúgbó, ewú ti bo irùngbọ̀n rẹ̀, eyín rẹ̀ kan ti ká. Mo wò ó lójoojúmọ́ títí òjò ọdún náà fi dá. Ó tó mi, Délé. Òun ni mo fi ń ríran báyìí." Wọ́n wá bi mí pé, "Etí rẹ wo ló kù?"

"Ti ọ̀tún, Màmá."

Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn àga mi, wọ́n gba ẹ̀yìn mi kọjá, wọ́n sì fa àpótí wọn wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọmọ mi.